Pọ́lọ́ọ̀gì Tí Bàbá Tíṣà Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Rà

Àna ẹni kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni. Bí àna bá wo oòrùn ọ̀sán gangan tó ní ilẹ̀ ti ṣú, àtùpà ni kí ọkọ ọmọ rẹ̀ máa wá kiri. Ohun tí àwọn ará ilé Jìmí fi kìlọ̀ fún un nìyẹn kí wọ́n tó mú un mọ ilé Bàbá Tíṣà ní Lálùpọn. Jìmí sì gbọ́, nítorí ọkùnrin tó ń wá ìyàwó kì í bá ẹnu ọ̀nà tó fẹ́ gbà wọlé jà.

Mẹkáníìkì ni Jìmí. Abẹ́ igi ọdán kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá Tíṣà ní tirẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Josiah Akínwándé, fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n na ọmọ, ó fi kọ́ ọmọ, nílé ìwé ìjọ, kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ́wùnmí, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ni Jìmí fẹ́ fẹ́. Bàbá ò fẹ́ mẹkáníìkì. Ó fẹ́ tíṣà, ó fẹ́ akọ̀wé, ó tilẹ̀ ní òun á gba ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì nínú rélùwéè, ìyẹn á ṣáà máa wọ kóòtù. Nígbà tí Ọmọ́wùnmí ò gbà, Bàbá dìde níṣojú ẹbí méjèèjì, ó ní:

"Mọ́tò mi ni yóò gbé ọmọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Jìmí bá tún un ṣe tó rìn, kó máa mú ìyàwó rẹ̀ lọ. Bó bá kú sí i lọ́wọ́, kó gba ilé baba rẹ̀ lọ, kó má sì kí mi lọ́nà mọ́."

Mọ́tò wo ni Bàbá ń sọ? Èyí tí òyìnbó rélùwéè kan tà fún un kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀ ni o. Ó ti gbó lọ́wọ́ òyìnbó náà kó tó dọ́wọ́ Bàbá. Nígbà tí à ń wí yìí, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira, irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò sí mọ́ ní gbogbo Ìbàdàn. Bó bá fọ́, ó fọ́ náà nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ló fi wà lábẹ́ páànù tí adìẹ ń yé sórí àga ẹ̀yìn rẹ̀. Jìmí fi oṣù mẹ́ta tú u, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà. Ó wá ku pọ́lọ́ọ̀gì, irin kékeré olórí funfun tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Mẹ́rin ni mọ́tò náà ń lò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ti kú.

Jìmí ní òun á mú ọ̀kan nínú àwọn tó kú dání lọ sí Gbági, kí wọ́n fi wé tuntun. Bàbá bojú jẹ́.

"Kí ẹ lọ ra èyí tí wọ́n ti lò, kí ẹ fi epo pa á lára, kí ẹ ní tuntun ni? Mo mọ iṣẹ́ ẹ̀yin mẹkáníìkì. Èmi fúnra mi ni mo ń lọ."

Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá gbé agbòòrùn, ó wọkọ̀ ojú irin àárọ̀. Kò mú èyí tó kú dání. Nígbà tí oòrùn ń yẹ̀ lórí, ó ti dé, ó ránṣẹ́ pe Jìmí, ó sì tú áńkáṣíìfù funfun kan lé orí tábìlì.

Pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin ni, wọ́n ń dán yanran. Jìmí wo ìdí wọn, ibi tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì, ọkàn rẹ̀ sì já. Èyí tó kú, ìdí rẹ̀ ò tó oríkèé ìka kan. Ti ìwọ̀nyí tó méjì.

"Oríṣi méjì ni wọ́n kó jáde," ni Bàbá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀kan kúrú, ọ̀kan gùn. Alájàpá yẹn fẹ́ kó kúkúrú bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo ní, 'Gbé ìyẹn pa mọ́, ìwọ ọmọ.' Jìmí, bí òwú àtùpà bá kúrú, báwo ni iná rẹ̀ ṣe ń rí?"

"Ó máa ń rẹlẹ̀ ni, sà."

"Bí a bá wá fa òwú náà sókè?"

"Á mọ́lẹ̀ sí i, sà."

"Ó káre. Jókòó."

Orí ìdúró ni Jìmí wà, kò sì sí àga lẹ́yìn rẹ̀. Àṣà ilé ìwé ló ṣì kù lẹ́nu Bàbá.

Nínú mọ́tò yìí, irin kan tí wọ́n ń pè ní písítìn ló ń gòkè tó ń sọ̀ lábẹ́ pọ́lọ́ọ̀gì. Bí ìdí pọ́lọ́ọ̀gì bá gùn jù, písítìn á gòkè wá, á fi orí sọ ọ́. Ìṣẹ́jú kan péré, ẹ́ńjìnnì á fọ́. Ọmọ iṣẹ́ oṣù mẹ́fà mọ èyí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo ojú ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún sọ fún ilé ìwé odindi pé "Ẹ gbà á," kó wá sọ fún un pé "Ẹ kùnà, sà"? Àna ni pẹ̀lú! Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀ lójú àna, kò sí ẹni tó máa bá èèyàn ṣà á jọ.

"Ẹ ṣé o, sà," ni ó wí, ó nawọ́ sí áńkáṣíìfù náà.

"Wo ara wọn dáadáa."

Jìmí wò ó. Bàbá ti fi yíǹkì kọ J.A. sí ara orí funfun ọ̀kọ̀ọ̀kan, wínníwínní, bó ti máa ń kọ ọ́ sí ara ìwé àti àpótí ṣọ́ọ̀kì.

"Kí ẹnikẹ́ni má baà bá mi pààrọ̀ rẹ̀," ni Bàbá wí. "Àárọ̀ Sátidé ni kí o wá fi wọ́n sí i. Ojú mi ni o máa ṣe é."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Nígbà tí Jìmí dé ìdí ọdán, Bàṣírù, tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ. Ó gba pọ́lọ́ọ̀gì kan, ó yí i lọ́wọ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọkọ ìyàwó! Àna rẹ ra ọ̀pá ìtìlẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì! Pàpàpà ni yóò gún un."

"Ìwọ máa rẹ́rìn-ín. Ìdúró ò sí, ìbẹ̀rẹ̀ ò sí."

"Sọ ọ́ nù. Sọ pé olè jí i."

"Òun náà á tún wọkọ̀ ojú irin, á tún ra irú rẹ̀ wá."

"Ó dáa, ra kúkúrú, kí o fi pààrọ̀."

"Ka orí rẹ̀."

Bàṣírù kà á. Ilé kéwú ló lọ, ṣùgbọ́n ó mọ J, ó sì mọ A. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Astagfirulláì! Ó sààmì sí i bí ẹran iléyá."

"Mo ti rò ó pé kí n to òrùka wọ́ṣà mẹ́ta mẹ́rin sí ìdí rẹ̀, kó má lè wọlé tán. Ṣùgbọ́n á nàró jáde bí ọrùn ìjàpá ni. Bàbá á bi mí pé kí ló dé."

"Ìwọ náà sọ òótọ́ fún un nígbà náà."

"Bàṣírù, ṣé o ti bá àna rẹ jiyàn rí?"

Bàṣírù da pọ́lọ́ọ̀gì padà sínú áńkáṣíìfù, ó rọra dì í. "Lọ́jọ́ tí mo dán an wò," ni ó wí, "ìyàwó mi fi oṣù méjì wà nílé wọn. Iṣu méjìlá ni mo fi bẹ̀ wọ́n."

Sátidé pé. Jìmí gbé àpótí irin iṣẹ́ rẹ̀, ó wọ agbo ilé Bàbá Tíṣà. Ọmọ́wùnmí gbé omi wá fún un, ó sì dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé ó ń nù ún.

"Bùọ̀dá Jìmí, ẹ ò jẹun lánàá. Bàṣírù ti sọ fún mi."

"Bàṣírù ń lẹ táyà, kò lè lẹ ẹnu ara rẹ̀."

"Ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n tó jáde."

"Èmi? Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ kan, o ní kí n pe baba rẹ ní òpè?"

Ọmọ́wùnmí ò gbójú sókè. "Ìyá mi ò fẹ́ràn ẹ̀kọ tútù. Ọdún tí wọ́n wọlé yìí, Bàbá ní ẹ̀kọ gbígbóná ń ba eyín jẹ́. Ìyá mi ní àwọn á fara mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé, ẹ̀kọ tútù ni wọ́n ń mu láràárọ̀." Ó fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀. "Bí ẹ ò bá lè sọ èyí lónìí, ọdún mélòó lẹ máa fi dákẹ́ nínú ilé tiwa?"

Kí Jìmí tó dáhùn, Bàbá ti jáde pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ tó dé orókún, bí ẹni tó ń lọ bẹ ilé ìwé wò. Ọmọ́wùnmí sún lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé. Bàbá ṣílẹ̀kùn mọ́tò, ó jókòó sídìí sítíárì, ó to ọwọ́ méjèèjì lé e.

"Ó yá. Fi wọ́n sí i."

Jìmí fi ìka yí ti àkọ́kọ́ wọlé. Ó ń lọ, ó ń lọ, kò tán. Bàbá ò lè rí ọwọ́ rẹ̀ nítorí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sókè, ni ó bá rọra di irin iwájú mú, èyí tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì, ó fi yí i díẹ̀díẹ̀.

Kọ́.

Irin ti kan irin. Ó wọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Kí ló dún yẹn?" ni Bàbá bèèrè.

"Sípánà ni, sà."

Irọ́ náà bọ́ geere, bí ẹni tó ti ń múra rẹ̀ tipẹ́. Jìmí yí ìkejì wọlé. Ó yí ìkẹta. Òógùn ń kán sórí ẹ́ńjìnnì. Ó rò ó pé bóyá kí òun fa wáyà kan já, ọ̀la ńkọ́? Tàbí kí òun ní bátìrì ti kú? Àná ni Bàbá rí òun nígbà tí òun ń gba iná sí i. Gbogbo ọ̀nà tó wò, igi dí i. Ó yí ìkẹrin, kò sì sí ohun mìíràn láti fi wá àyè mọ́.

"Ó ti tán?"

"Ó... ó ti tán, sà."

"Kúrò níwájú. Mo fẹ́ fà á."

Jìmí rí ọwọ́ àgbà náà tó ń lọ síbi ohun tí wọ́n fi ń ṣáná mọ́tò. Kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e. Ó kúrò níwájú lóòótọ́, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn Bàbá, ó sì na gbalaja sílẹ̀ nínú òkúta wẹ́wẹ́ àti epo.

"Ẹ má fà á, sà! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!"

"Jìmí? Kí lo ń kí mi fún? O ti kí mi láàárọ̀."

"Mi ò kí yín, sà. Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀." Ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnu rẹ̀ fi là. "Òótọ́ lẹ sọ nípa òwú àtùpà, sà. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń gòkè wá bá òwú àtùpà. Inú mọ́tò yìí, odó ni. Ọmọrí odó wà nínú ẹ̀ tó ń gún. Pọ́lọ́ọ̀gì kúkúrú, ẹni tó dúró lẹ́bàá odó ni. Èyí tó gùn, ó ti ki ọwọ́ bọ odó. Ohun tó dún lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe sípánà. Irọ́ ni mo pa, sà."

Bàbá ò ní kó dìde. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún àna kì í dá ara rẹ̀ gbé, Jìmí wà níbẹ̀, èèrà kan ń gun etí rẹ̀. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí. Ó rí bàtà dúdú méjì tó gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kọjá lọ síwájú mọ́tò. Irin iwájú dún, ẹnìkan ń fi agbára yí i.

Kọ́.

Bàbá tún yí i.

Kọ́.

Ohùn Bàbá jáde, ó sì rẹlẹ̀ ju bí Jìmí ṣe gbọ́ ọ rí lọ. "Sípánà wo ló ń tú u?"

"Èyí tó tóbi jù lọ́wọ́ ọ̀tún, sà."

Jìmí ń ka bó ṣe ń tú wọn. Ọ̀kan. Ìkejì. Ìkẹta. Ìkẹrin. Bàtà dúdú náà padà wá, ó dúró níwájú orí rẹ̀.

"Mọ́ńdè, ọkọ̀ ojú irin àárọ̀. Ìwọ á mú èyí tó kú dání, ìwọ á fi wé e, wàá yan èyí tó bá a mu. Èmi á dúró tì ọ́."

"Ẹ ṣé, sà. Ọlọ́run á dá yín sí."

"Mi ò tí ì parí. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló yàn án?"

Jìmí gbé ojú sókè díẹ̀. Láàárín ẹsẹ̀ Bàbá àti ara mọ́tò, ó rí ẹnu ọ̀nà ilé, ó sì rí Ọmọ́wùnmí tó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnu náà lọ́wọ́, tó ń retí ohun tó máa sọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ń gún un láyà.

"Ẹ̀yin lẹ yàn án, sà."

"Ó káre," ni Bàbá Tíṣà wí. "Dìde."

Jìmí dìde, ó ń gbọn ìyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, ó gbọn àyà, ó gbọn orókún, ó tún padà gbọn àyà, kó má baà wo ẹnu ọ̀nà.