Èmi Ni, Àbí Oògùn?

Orí àkàbà ni Oníná wà nígbà tó béèrè ọ̀rọ̀ náà. Gílóòbù kan ló jó ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, òun tó jẹ́ aṣiṣẹ́ iná ni wọ́n sì pè pé kó wá pààrọ̀ rẹ̀. Ó na ọwọ́ kan sókè, ó wá bojú wolẹ̀ wo ọmọbìnrin tó ń bá a di ẹsẹ̀ àkàbà mú.

"Ẹ̀hẹn," ó ní, nítorí kì í lè sọ̀rọ̀ kó má kọ́kọ́ tún ọ̀fun ṣe. "Ṣé o máa fẹ́ mi?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí àkàbà fi ń mì. "Sọ̀kalẹ̀ ná! Ṣé o fẹ́ já lulẹ̀ kí n di opó kí n tó di ìyàwó ni?"

"Tó bá jẹ́ rárá lo fẹ́ sọ, ibi tí mo wà yìí náà ló dáa kí n ti já."

Kò sọ rárá. Kò sì sọ bẹ́ẹ̀ ni. Oníná ń lọ sí ìlú mìíràn lọ́jọ́ kejì, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ lọ fa wáyà sí ilé ìwòsàn tuntun kan, iṣẹ́ oṣù méjì. "Fún mi láàyè," ni ọmọbìnrin náà wí. "Tó o bá dé, wàá gbọ́ ìdáhùn mi."

Àǹtí Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo oníbàárà ń pè é, torí ọwọ́ rẹ̀. Tó bá ń tú irun ènìyàn, oorun ni onítọ̀hún ń sùn. Láti ìdí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á máa tú u ní kókó kan lẹ́yìn òmíràn títí yóò fi kan àwọ̀ orí, kì í sì í jẹ́ kí sísọ́ọ̀sì sún mọ́ tòsí. Ẹni tó bá gbọ́ pé ó ní kí Oníná dúró lè rò pé sùúrù yìí náà ni, tàbí ìyànga. Kì í ṣe ọ̀kankan. Ọkùnrin yìí wù ú dé mùdùnmúdùn eegun. Bó bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà.

Ní ọdún méje sẹ́yìn, nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ayé ṣú mọ́ ọn lójú. Kò lè jẹun, kò lè wẹ̀, orí ibùsùn ni ilẹ̀ ti ń mọ́ bá a, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣú bá a. Oògùn kékeré funfun tí dókítà fún un ló fà á jáde nínú kòtò yẹn, ó sì ti ń gbé e mì láràárọ̀ láti ìgbà náà. Kò sẹ́ oore tó ṣe é. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú oògùn lára ló pàdé Oníná. Pẹ̀lú oògùn lára ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i. Ta ló wá nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí gan-an? Òun ni, àbí oògùn? Lójú tirẹ̀, ọkàn tó máa sọ "bẹ́ẹ̀ ni" fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkàn tó ń dá dúró, tí kò fara ti ọ̀pá.

Lọ́jọ́ tí Oníná wọkọ̀, Pẹ̀lẹ́ ṣíwọ́ oògùn. Kò sọ fún dókítà. Kò ní ẹni tó máa sọ fún mọ́ lẹ́yìn dókítà, torí Oníná fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé oògùn kankan wà: inú agolo páúdà ló ń fi í pamọ́ sí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn. Ọjọ́ kejì, ó ń kọrin nídìí ibi ìfọrun. Àṣé ọ̀pá lásán lòun ti ń tì láti ọjọ́ yìí! Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí nǹkan yí bírí. Tó bá yíjú lójijì, nǹkan á ta fììrì nínú agbárí rẹ̀, bí ìgbà tí wáyà méjì tó bó bá fẹnu kora. Ó ro ìyẹn, ó sì rẹ́rìn-ín kíkorò: èmi tí mò ń fẹ́ oníná, iná ti wá ń gbé mi látinú. Ilẹ̀ ń yí lábẹ́ rẹ̀. Òógùn ń bò ó nínú òtútù. Ó rí ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ẹyọ kan tó já sílẹ̀ lójú títì, ó dúró síbẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Ìrọ̀lẹ́ ló burú jù. Yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé, fèrèsé rẹ̀ sì dojú kọ ògiri ilé kejì, débi pé bí ènìyàn bá yọjú, bíríkì ló máa kí. Nígbà yẹn ni Oníná máa ń pè.

"Ẹ̀hẹn. Olólùfẹ́ mi, ṣé o ti jẹun? Ẹ̀hẹn. Ó rẹ̀ wá lónìí o."

Ohùn tó máa ń tù ú lára bí omi tútù wá di òkúta inú ìrẹsì. Gbogbo "ẹ̀hẹn" yẹn ń gún un létí. Ó ń ti eyín mọ́ eyín kó má baà pariwo mọ́ ọn. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó jókòó sí etí ibùsùn, ó ní, "Ó ti yé mi wàyí. Ìfẹ́ oògùn ni. Oògùn ti lọ, ìfẹ́ náà ti bá a lọ."

Bó ṣe wà nìyẹn tí Tíṣà fi wá tú irun. Obìnrin yìí ti ń gbé orí fún un láti ọjọ́ pípẹ́.

"Àǹtí Pẹ̀lẹ́, ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n."

"Òtútù ni, mà."

"Òtútù? Nínú ooru yìí? Àbí fíríìjì lo gbé mì?"

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Irun náà ti dì mọ́ra, ó le bí okùn tí òjò pa. Nǹkan ta fììrì lágbárí Pẹ̀lẹ́, ó tún ta, ìbínú tí kò mọ orírun rẹ̀ sì ru dé ọ̀fun rẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fa sísọ́ọ̀sì yọ lórí tábìlì. Kéú! Ìdì kan já bọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe àtáṣìmẹ́ǹtì nìkan. Irun Tíṣà wà níbẹ̀, láti ìdí.

Tíṣà fọwọ́ kan orí. "Ó gé mi nírun! Irun tí mo ti ń tọ́ látìgbà tí mo ti bí àbígbẹ̀yìn mi!"

Ọ̀gá, ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù, bẹ̀ ẹ́ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Ó wá kọjú sí Pẹ̀lẹ́. "Máa lọ sílé. Má wá títí ara ẹ á fi balẹ̀. Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an? Àbí oyún ni?"

"Rárá, mà."

"Kí wá ni?"

Ó ṣa irun tó já bọ́ náà nílẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí Oníná tó pè, ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù: *Má wulẹ̀ padà wá torí mi. Rárá ni ìdáhùn mi.* Oníná pè, kò gbé e. Ó tún pè. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ kúkúrú kan wọlé: *Mo ti gbọ́. Ó dàbọ̀.*

Ó rò pé ara òun máa fúyẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, fóònù náà dákẹ́ sórí ìrọ̀rí bí ẹja tó ti kú. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó ti jẹun, kò sì jẹun. Ó gbọ́ tí àwọn ará ilé kejì ń jà nítorí tẹlifíṣọ̀n, ó sì jowú wọn. Ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́ ènìyàn, kí ló ń wo fóònù fún? Ṣùgbọ́n kò lè gba ẹkún ara rẹ̀ gbọ́: ó kúkú sunkún fún ìbọ̀sẹ̀.

Sísọ́ọ̀sì yẹn ló là á lójú. Gbogbo ìgbà tó bá pa ojú dé ló ń rí i. *Èmi kọ́ ló ṣe ìyẹn*, ló ń sọ fún ara rẹ̀, *ọwọ́ mi kọ́*. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ dúró lójijì. Bí kì í bá ṣe òun ló gé irun Tíṣà, ṣé òun ló kọ Oníná?

Ó wọ bàtà, ó gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ. Àgbà obìnrin ni, ṣóńṣó imú ni awò ojú rẹ̀ máa ń jókòó sí, Pẹ̀lẹ́ ló sì ń bá a ṣe irun. Pẹ̀lẹ́ jẹ́wọ́ fún un pé òun ti ṣíwọ́ oògùn.

"Ṣé díẹ̀díẹ̀ lo fi ṣíwọ́ ni?"

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni, mà."

Dókítà yọ awò ojú. "Ìwọ! Ṣé o máa fi sísọ́ọ̀sì tú irun orí mi yìí?"

Pẹ̀lẹ́ wolẹ̀. "Mo ti fi tú ti ẹlòmíì, mà."

Dókítà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú rẹ̀, ó fa àga sún mọ́ ọn. Ó ní, "Ọdún méje ni ara rẹ ti fi mọ oògùn yìí bí ẹni mọ ará ilé. O lé e jáde lójijì, ilé sì dàrú. Kì í ṣe pé àìsàn rẹ ti padà, kì í sì í ṣe ìwà rẹ. A máa dá a padà. Tí ara bá balẹ̀, a ó máa bù ú kù ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kódà kó gba oṣù gbọọrọ. Tó bá sì jẹ́ pé o ṣì nílò rẹ̀, kò sí ìtìjú ńbẹ̀."

"Ìfẹ́ tí mo ní tẹ́lẹ̀ ńkọ́, mà? Ṣé tèmi ni?"

Dókítà dá awò ojú rẹ̀ padà sójú. "Ọmọ mi, kò sí ẹ̀rọ tá a fi ń yẹ ìyẹn wò. Mi ò ṣáà tíì rí oògùn tó ń bá ènìyàn yan ọkùnrin. Ṣùgbọ́n bó o ṣe wà yìí, má gba ìdájọ́ kankan lọ́wọ́ ọkàn rẹ. Ẹni tí òòyì ń kọ́ kì í júwe ọ̀nà."

Ó padà sórí oògùn. Iná inú agbárí rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ sì jókòó. Ìdánìkanwà nìkan ni kò lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí kò lè fara dà á mọ́, ó tẹ nọ́ńbà náà.

"Ta nìyẹn?" ni Oníná wí, bí ẹni tí kò mọ̀.

"Èmi ni."

"Èmi wo? Èmi tó ní kí n má padà wá?"

Ó tọ́ sí i. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un: ikú ìyá rẹ̀, oògùn, ìbọ̀sẹ̀, irun Tíṣà. Ó parí rẹ̀ sórí ibi tó ń fi oògùn náà pamọ́ sí.

"Inú agolo páúdà?" ni Oníná wá béèrè.

"Inú agolo páúdà."

"Mo gbọn agolo yẹn wò rí. Mo rò pé páúdà ẹ ló dì." Ó mí kanlẹ̀. "Kì í ṣe oògùn ló dùn mí. Kí lo rò pé mo máa ṣe? Kí n sá?"

"Ẹnì kan tí mo sọ fún ṣáájú ẹ ti sá rí."

"Èmi kọ́ ni." Ó tún ọ̀fun ṣe. "Ìdáhùn mi wá dà?"

"Mi ò tíì ní. Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ mi ò fẹ́ purọ́ fún ẹ. Mi ò mọ ohun tó wà nínú mi báyìí. Ó lè pẹ́."

"Èmi náà ò lè ṣèlérí pé màá dúró. Inú ń bí mi. Mo ti sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ pé o kọ̀ mí, wọ́n ti ń bá mi wá ìyàwó."

"Ṣé ó rẹwà?"

"Ó ní màlúù."

Ẹ̀rín já mọ́ Pẹ̀lẹ́ lẹ́nu pẹ̀lú omijé.

"Sọ nǹkan kan tó o mọ̀ fún mi," ni Oníná wí. "Ẹyọ kan péré."

Ó wo inú ara rẹ̀, bí ẹni ń wo yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ lọ. Ó wò ó títí. "Mi ò fẹ́ kó o pa fóònù yìí."

"Ìyẹn dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ó dáa. Mi ò ní pa á."

Pẹ̀lẹ́ dùbúlẹ̀, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Láti ọ̀nà jíjìn, ó gbọ́ ìró fáànù, ó gbọ́ ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ó gbọ́ ohun kan tó ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta.

"Kí nìyẹn?"

"Fọ́máànù wa ni. Ó ń hanrun."

"Oòrùn ò tíì wọ̀!"

"Wá sọ fún un."

Bíríkì ilé kejì ń pọ́n lójú fèrèsé bí ọjọ́ ṣe ń rọ̀. Pẹ̀lẹ́ ń gbọ́ ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí tó ń hanrun, àti èyí tó mọ̀ tó ń mí.