Fèrèsé Apá Òsì

"Pa á, Salaudeen! Mo ní kó o pa ẹ̀rọ yẹn!"

Rúùtù ti gbé àpótí ìjókòó ẹ̀ dé. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú fèrèsé ara àpótí ọkọ̀ náà gan-an, ó jókòó, ó fẹ̀yìn tì í. Salaudeen wẹ́dà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú irin ìjórin lọ́wọ́, kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Ó ṣí ìbòjú ẹ̀ sókè, ó ń wo Success, ọmọ Rúùtù, torí òun ló gbé iṣẹ́ fún un.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́," Success ní. "Fèrèsé lásán ni."

"Lásán? Fèrèsé tó bọ́ ẹ, tó rán ẹ níléèwé, òun lo ń pè ní lásán?"

"Mi ò kúkú ní kí wọ́n gbé e sọnù. Mo kàn fẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá Salaudeen jó o pa ni. Ara ògiri yẹn ni kọ́bọ́ọ̀dù irinṣẹ́ máa dúró sí. Ọ̀la la máa gbéra, Mọ́mì!"

Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ọgbà ilé wọn ní Ọ̀mù-Àrán rèé. Success ní mọ́tò kékeré pupa kan tó fi ń sáré ìdíje. Kì í ṣe mọ́tò téèyàn ń gbé lọ sọ́jà o. Ó ti yọ gbogbo àga ẹ̀yìn ẹ̀, ó fi páìpù irin yí inú ẹ̀ ká kó má baà pa á tó bá dojú dé. Àga kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, ìyẹn gan-an sì máa ń gbá a mú bí ìgbà tí ìyá pọn ọmọ. Eré ńlá ń bẹ ní Abùjá lọ́jọ́ Sátidé. Ìgbà tó lọ kẹ́yìn, ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà gbayawu ló gbé mọ́tò náà sí. Òjò pa á, eruku bò ó, wọ́n sì jí táyà ẹ̀ níbi tó sùn sí lọ́nà. Ló bá pinnu pé òun máa ṣe tirélà kékeré tó lórí, tó ní ògiri, tó ṣeé tì pa, tí mọ́tò á wọ inú ẹ̀ tòun ti táyà, jáàkì, jẹnẹrétọ̀ àti gbogbo ẹrù ẹ̀.

Níbo ló ti máa rí àpótí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yìnkùlé ìyá ẹ̀ náà ni. Àpótí ọkọ̀ búrẹ́dì wọn àtijọ́ ti wà níbẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ti kú, tí Lawrence, bàbá ẹ̀, náà sì kú tẹ̀lé e. Rúùtù ò jiyàn rárá. Ó ní, "Gbé e, ó sàn ju kí ewúrẹ́ máa bímọ síbẹ̀ lọ." Wọ́n gbé àpótí náà sórí irin tuntun, wọ́n fi táyà sí i, wọ́n fi irin tẹ́ ilẹ̀ ẹ̀, wọ́n jó ìkọ́ sí i tí wọ́n máa fi bẹ́líìtì de mọ́tò mọ́. Wọ́n yọ gbogbo pẹpẹ tí wọ́n ń to búrẹ́dì sí. Rúùtù kó pẹpẹ náà fún Àyìsátù, aládùúgbò ẹ̀, kó máa sá ata lórí ẹ̀. Kò sunkún. Ó rò pé ó ti parí nìyẹn. Kò mọ̀ pé ó ku fèrèsé.

"Ẹ wò ó, Mọ́mì," Success ní, "fèrèsé tó wà lára ọkọ̀, ọ̀nà olè ni."

"Olè wo ló gba ibẹ̀ wọlé rí?"

"Búrẹ́dì ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Ta ló fẹ́ jí búrẹ́dì?"

"Èmi," Salaudeen dáhùn. "Màmá, ẹ má bínú. Tá a bá jáde iléèwé ní Èṣìé, tá a tò sídìí fèrèsé yìí, èmi á ti nawọ́ gba abẹ́ apá ẹlòmíì."

"Mo mọ̀," Rúùtù ní. Kò tiẹ̀ wojú ẹ̀. "Ìwọ lo máa ń wọ ṣòkòtò tó ya nídìí. Mo kàn máa ń ṣe bí ẹni tí ò rí ẹ ni."

Success rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ìyá ẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fèrèsé yìí fún yín, torí gbogbo ojú ọ̀nà yẹn ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Lawrence ló fọwọ́ ara ẹ̀ gé e. Apá òsì ló sì gé e sí. Ẹ sì mọ̀ pé tí ọkọ̀ bá páàkì, apá ọ̀tún ló máa ń kọ sí etí títì, ibẹ̀ ló yẹ kí fèrèsé wà kí oníbàárà lè ra búrẹ́dì láìdúró sáàárín ọ̀nà. Lawrence ò rò ó. Ìgbà tó gé e tán, tó ti kùn ún ní ọ̀dà búlúù, ló tó rí i. Bó ṣe di pé gbogbo ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ tà nìyẹn, Arandun o, Èṣìé o, Òrò o, títí dé Àjàṣẹ́, àfi kó kọ́kọ́ yí ọkọ̀ padà, kó kọjú síbi tó ti ń bọ̀, kí fèrèsé tó lè kọjú sáwọn èèyàn. Àwọn ọlọ́kadà bá sọ ọkọ̀ náà ní Mo-gbàgbé-nǹkan-sílé.

Rúùtù bẹ̀ ẹ́ títí pé kó dí i, kó gé òmíì sápá ọ̀tún. Lawrence ní, "Apá òsì lèmi ń jókòó sí. Jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí n lè máa gbọ́ bó o ṣe ń bá wọn pariwo."

Tí wọ́n bá sì ti dúró, tí Rúùtù ti wọ inú àpótí lọ láti ẹ̀yìn, Lawrence á sọ̀ kalẹ̀, á kan fèrèsé náà, kó-kó-kó, á yí ohùn padà bí oníbàárà: "Oníbúrẹ́dì, ṣé ó ṣì gbóná?"

Rúùtù á fa bóòtù inú, á ṣí fèrèsé gbayawu. "Ó gbóná bí ìbínú ọkọ mi!"

Gbogbo èèyàn á bú sẹ́rìn-ín, torí Lawrence ò bínú rí. Tí adìyẹ bá gun orí oúnjẹ ẹ̀, á jẹ́ kó jẹ díẹ̀ kó tó lé e. Success náà wà níbẹ̀ nígbà yẹn o, orí àpò ìyẹ̀fun ló máa ń sùn sí nínú àpótí yẹn. Tó bá jí, ojú ẹ̀ á funfun bíi ti iwin.

Ṣùgbọ́n Success tòní ń wo aago ọwọ́ ẹ̀.

"Mọ́mì," ó ní, "bàbá mi ti lọ. Fèrèsé ò lè dá wọn padà."

Kò pariwo sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dun Rúùtù wọra. Ó dìde, ó gbé àpótí ìjókòó ẹ̀ kúrò.

"Jó o," ó sọ fún Salaudeen, ó lọ dúró sídìí ìgànná.

Salaudeen sún mọ́ fèrèsé náà. Ó ṣí i, ó wo inú. Gbogbo irin tó wà lára àpótí yẹn ló ti dípẹtà, àmọ́ bóòtù fèrèsé àti ìdè ẹ̀ ń dán, òróró ṣì wà lára wọn. Ó fìka kàn án, ó gbọ́ òórùn ẹ̀. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Ó wo Rúùtù lọ́hùn-ún. Ó ti fèrèsé náà, ó gba ẹ̀yìn wọ inú àpótí lọ fa bóòtù ẹ̀, ó jáde, ó bo ojú ẹ̀, ó gbé irin ìjórin sí i.

Kò ta. Ó tún gbé e sí i.

"Wọ́n ti mú iná lọ o!" Àyìsátù ké láti inú ọgbà tiẹ̀.

Success káwọ́ lérí. Jẹnẹrétọ̀ tiẹ̀ kéré, kò lè gbé ẹ̀rọ ìjórin.

"Má da ara ẹ láàmú," Salaudeen ní. "Jẹ́ ká fi mọ́tò wọ̀ ọ́ wò kí wọ́n tó mú iná dé."

Success wọ inú mọ́tò pupa náà, ó wọ̀ ọ́ bí ẹni wọ bàtà tó fún. Ó tẹ̀ ẹ́, mọ́tò náà bú, ó gun irin méjì tí wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn, ó wọ inú àpótí lọ. Àyìsátù ti fò wọ inú ọgbà wọn.

"Rúùtù, àṣé mọ́tò lẹ fẹ́ gbé sínú ẹ̀? Mo rò pé ọkọ̀ òkú lẹ̀ ń ṣe ni. Mo ti ń wá ẹni tí màá bá kẹ́dùn!"

Salaudeen gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sókè, ó fi kọ́ńdó irin dábùú ẹ̀. "Ó wọ̀! Ó wọ̀ rẹ́gí!" Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ohùn Success wá láti inú. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣí i. Ilẹ̀kùn mọ́tò ò ṣí. Ara ògiri ló ń gbá."

Ìpàtẹ́wọ́ náà dá. Wọ́n ti wọn gbogbo mọ́tò náà, gígùn ẹ̀, gíga ẹ̀, ìbú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí pé ẹni tó wà á wọlé gbọ́dọ̀ jáde. Salaudeen sáré lọ fa kọ́ńdó irin náà. Ìwúwo mọ́tò ti tẹ àpótí náà, kọ́ńdó ti há. Ó fi òòlù gbá a. Kò mira.

"Bọ̀ọ̀dá!" Ohùn Success ti yí padà. "Mi ò ríran. Ooru ń mú níbí o!"

Salaudeen ń gbá a, Àyìsátù ń ké Allāhu, Rúùtù ti fi wọ́n sílẹ̀. Ó ti lọ sápá òsì. Ó kan fèrèsé náà, kó-kó-kó.

"Success! Ṣé ò ń gbọ́ mi? Yí gíláàsì ẹ wálẹ̀. Na ọwọ́ òsì ẹ síta. Bóòtù kan wà níbẹ̀, fà á."

Ọwọ́ ń wá nǹkan kiri lára ògiri nínú. Lẹ́yìn náà, bóòtù náà yọ̀, ó yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Fèrèsé búlúù náà ṣí gbayawu, ojú Success yọ síta, òógùn ń ṣàn lójú ẹ̀, eruku àpótí ti kùn ún funfun.

Rúùtù wo ojú yẹn. Ẹnu ẹ̀ ti sọ ọ́ kó tó mọ̀:

"Oníbúrẹ́dì, ṣé ó ṣì gbóná?"

Success gbé ẹ̀yìn ọwọ́, ó nu òógùn.

"Ó gbóná," ó ní, "bí ìbínú bàbá mi."

Àyìsátù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Rúùtù náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí gèlè nu ojú, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Success bẹ̀rẹ̀ sí í rá láti ojú gíláàsì mọ́tò bọ́ sí ojú fèrèsé. Orí jáde, èjìká jáde, ó wá há níbi ikùn.

"Búrẹ́dì yìí wú jù!" Àyìsátù ké, ó ń fà á lápá.

"Íìsì ti pọ̀ jù nínú ẹ̀," Rúùtù ní. "Fà á dáadáa!"

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á balẹ̀ ni iná dé. Àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè. Ṣùgbọ́n Salaudeen ò lọ mú irin ìjórin.

"A ò jó o pa mọ́," Success ní. Ilẹ̀ ló ṣì wà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mọ́mì, ẹ má bínú."

Salaudeen ń fọwọ́ pa ìsàlẹ̀ fèrèsé náà. "Ọ̀rọ̀ ò tíì tán o. Ilẹ̀kùn mọ́tò gbọ́dọ̀ ríbi ṣí sí. Àfi ká gé ibí yìí wálẹ̀ títí dé ilẹ̀, kó di ilẹ̀kùn." Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kò ní jẹ́ fèrèsé mọ́ nìyẹn, Màmá."

"Rárá," Success ní kíá. "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Màá máa rá gba ibẹ̀."

"Pẹ̀lú ikùn wo?" Rúùtù bi í.

Ó nawọ́ mú ṣọ́ọ̀kì tó wà lẹ́yìn etí Salaudeen. Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, ó fà á wálẹ̀ títí dé ilẹ̀ àpótí. Ó bọ́ sí igun kejì, ó fa ìyẹn náà. Ìlà kejì wọ́ díẹ̀, kò tún un fà.

"Òkè yìí àti bóòtù yìí, má fọwọ́ kàn án. Ìsàlẹ̀ ni kó o gé."

"Ṣé ó dá yín lójú, Màmá?"

Rúùtù dá ṣọ́ọ̀kì padà fún un. "Lóòótọ́ ni Lawrence gbàgbé nǹkan sílé," ó ní. "Òní la rí i."

Ó lọ gbé àpótí ìjókòó ẹ̀ wá, ó gbé e jìnnà díẹ̀ kí iná irin má baà ta bá a, ó jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọjú sí fèrèsé náà.

"Ó yá," ó ní. "Gé e."