Balùwẹ̀ Onípákó Márùn-ún

"Mo ní ta ló tún fi ọṣẹ sílẹ̀ lórí pákó yìí? Ta ni!"

Ohùn Hánà la ilé já, ó dé etí àwọn tó ń kọjá lórí afárá pákó tó so ilé mọ́ ilé. Èèpo àgbọn tó fi ń fọ ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán tó tó tó lára rẹ̀. Kò lè dúró lójú kan. Ó wọ balùwẹ̀, ó jáde, ó tún wọlé. Balùwẹ̀ ọ̀hún kò ju pákó márùn-ún tí wọ́n kàn sórí omi lẹ́yìn ilé. Èèyàn kò lè na ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì níbẹ̀.

Fẹ̀hìntọlá, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ń wé gèlè níwájú dígí. "Ìyàwó, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ o. Ẹnu kì í rẹ̀ ọ́ ni?"

"Á rẹ̀ mí lọ́jọ́ tí ẹ bá fọ balùwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." Bí inú ṣe ń bí i tó, "ẹ" kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Igbá omi kan ni, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ dà á sílẹ̀, ẹ fi èèpo àgbọn gbo ó, ẹ gbé ọṣẹ kọ́ ìṣó, ẹ ṣílẹ̀kùn fún atẹ́gùn òkun. Kò tó àkókò tí a fi ń kọ ẹsẹ orin kan. Ṣé ọwọ́ yín á kán ni?"

"Ta ló yàn mí síbẹ̀? Ilé ìránṣọ ni àwọn àgbà ìjọ yàn mí sí láti máa ṣiṣẹ́. Gbogbo wa la ni balùwẹ̀."

"Gbogbo wa la ni ín, èmi nìkan ni mò ń fọ̀ ọ́!"

"Ó yẹ kó o fọ̀ ọ́. Àbí o ti gbàgbé ẹni tó wẹ̀ kẹ́yìn lọ́jọ́ tí Ìyá ṣubú?"

Ọ̀rọ̀ náà ba Hánà níbi tó ń dùn ún. Oṣù méjì sẹ́yìn ni Moríkẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀, yọ̀ ṣubú lórí pákó kẹta, tí ìbàdí rẹ̀ yẹ̀. Hánà ni wọ́n rí tó jáde níbẹ̀ kẹ́yìn. Fẹ̀hìntọlá ní òun kò débẹ̀ lọ́jọ́ náà rárá, ó búra. Láti ìgbà náà, orí ibùsùn ni Ìyá ti ń wẹ̀ nínú bàsíà. Láti ìgbà náà, bí ẹni ń kí àlejò ni Lawrence, ọkọ Hánà, ń kí i. Ó dá Hánà lójú pé òun gbo ilẹ̀ kí òun tó jáde. Àbí òun kò gbo ó ni? Ó ń fọ pákó láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, títí awọ ọwọ́ rẹ̀ fi ń bó, kò sì yé bi ara rẹ̀.

"Báwo lo tilẹ̀ ṣe mọ̀ pé tèmi ni ọṣẹ yẹn?" Fẹ̀hìntọlá ní. "Ọṣẹ kan náà ni ìjọ ń pín fún gbogbo ìlú."

Hánà gbé e sókè. Òwú búlúù wé e yí ká. "Ta ló ń fi òwú ilé ìránṣọ sàmì sí tirẹ̀, kí ẹlòmíì má bàa fọwọ́ kàn án? Balùwẹ̀ ni ti gbogbo wa, ọṣẹ ni tiyín!"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lórí afárá.

Ojú Fẹ̀hìntọlá le. "Ó dáa, tèmi ni tòní. Ọjọ́ tí Ìyá ṣubú ńkọ́? Mi ò débẹ̀. Mo ti búra níwájú Lawrence, màá tún búra nísinsìnyí."

Kó, kó, kó. Ọ̀pá ni. Ìyá ló ń bọ̀ láti yàrá, ọwọ́ kan lára ògiri. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó wo ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ Hánà pẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó tó so sí etí ìró rẹ̀.

"Ọmọ mi ni ọ́, Fẹ̀hìntọlá. Mo ti ní màá gbé ọ̀rọ̀ yìí dé sàréè." Kókó náà tú. "Búra, mò ń gbọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ na ọwọ́ rẹ, kó o gba òwú búlúù rẹ. Àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ni mo ti yọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo ṣubú."