Ìpolówó Tó Jókòó Ti Ojú Aránṣọ

"Ẹ sọ fún mi, ṣé èmi ni mo wá ń polówó ẹ̀?"

Aránṣọ náà na fóònù sí Ìyá Ìlera, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án nímú. Kò kí ẹnikẹ́ni nígbà tó wọlé. Ó kàn gba àárín àwọn tábìlì kọjá, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo àwọn oníròyìn tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ló gbójú sókè.

Ìyá Ìlera gba fóònù náà. Kò tíì bí ọmọ kankan o. Torí pé òun ló ń kọ ojú ewé ìlera lórí ìkànnì ìròyìn náà ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìtàn tó kọ láìpẹ́ yìí ló wà níbẹ̀, bí ìpara tó ń bó ara ṣe jẹ aránṣọ yìí lójú, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi dúdú bí ìdí ìkòkò, tí awọ ibẹ̀ sì ń ṣí. Àwòrán obìnrin náà wà lápá òsì. Lápá ọ̀tún, ọmọge kan tójú rẹ̀ ń dán gbinrin gbé ike ìpara dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Kí ló dé tó o fi ń gbé irú ojú yẹn kiri? Fi èyí para, kó o tàn.*

"Irú ojú yẹn," ni aránṣọ wí. "Ojú ta ni? Ojú tèmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni! Oníbàárà mi kan wọlé láàárọ̀ yìí, ó ń bá mi yọ̀. Ó ní, 'Ìyàwó, o ò tiẹ̀ sọ fún wa, wọ́n ti ń fi ẹ́ polówó ọjà.' Ó rò pé èmi ni wọ́n fi ṣe ẹni tí ò tíì lò ó! Àbúrò ọkọ mi ti gbé e ká gbogbo ẹbí. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n wá sọ ọ́, kí ẹlòmíì má bàa kó sí i?"

Òótọ́ ni. Ìyá Ìlera ló lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, òun ló fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ yọ ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Ó pe Wáyà, ọkùnrin tó ń mójú tó ìkànnì wọn.

Wáyà wo fóònù náà, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ má bínú, màmá. Kò sẹ́ni tó jókòó fi ìpolówó yìí síbẹ̀. Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ wo?"

"Gbogbo ojú ewé tá a bá gbé jáde ni ẹ̀rọ yẹn máa ń kà, kó lè mọ ìpolówó tó bá a mu. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́tò ló wà níbẹ̀, á gbé ìpolówó táyà wá. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́, á gbé ti ọṣẹ ọmọdé wá. Ó ka ìtàn yín, ó rí 'ìpara', ó rí 'awọ', ó rí 'ojú', ó tún rí 'ìpara'. Ló bá sáré lọ pe onípara wá."

"Kò rí ibi tí mo ti ní ó bà mí lójú jẹ́?"

"Ó lè rí i, màmá. Kò kàn mọ̀ pé ẹ ń bú u ni. Ó mọ ọ̀rọ̀, kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń wí."

"Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí," ni Ìyá Ìlera wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Odindi la sọ fún èyí, ààbọ̀ ló gbọ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn. Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo ẹ̀rọ ńkọ́? Ṣé kò sẹ́ni tó lójú níbí ni?"

Ìyá Ìlera mú un lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, olóòtú wọn.

Ọ̀gá kì í pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi máa ń ṣẹ́gun èèyàn. Ó dìde fún aránṣọ, ó bẹ̀ ẹ́, ó fún un ní omi tútù. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ìyá Ìlera.

"Ẹ jẹ́ ká fọgbọ́n ṣe é. Yọ 'ìpara' kúrò nínú ìtàn yẹn. Pè é ní nǹkan kan tó fi pa ojú. Yọ àwòrán náà pẹ̀lú. Ẹ̀rọ ò ní rí nǹkan gbá mú mọ́, ọ̀rọ̀ á parí."

"Ọ̀gá, ẹni tó bá ka 'nǹkan kan', kí ló máa mọ̀ pé òun fẹ́ sá fún?"

"Ìwọ ni akọ̀wé. Wá ọ̀rọ̀ sí i."

"Àwọn onípara ló yẹ ká dínà mọ́. Ibì kan wà tá a ti lè sọ fún ẹ̀rọ pé irú ìpolówó báyìí, a ò fẹ́ ẹ lórí ìkànnì wa mọ́."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbogbo onípara? Ṣé o mọ̀ pé àwọn ló ń bọ́ wa? Èèyàn ò ṣáà ní fọwọ́ ara ẹ̀ dí ọ̀nà ọ̀fun."

"Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni, sà."

Ìyá Ìlera yíjú sí aránṣọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ lojú yín. Tẹ́ ẹ bá ní kí n yọ àwòrán yín, màá yọ ọ́ báyìí."

Ọ̀gá mi orí, bí ẹni pé wọ́n ti gbà. Àmọ́ aránṣọ gbé ife omi náà kalẹ̀ láì fẹnu kàn án.

"Èmi tí wọ́n jẹ lójú ni kí n dìde fún ẹni tó jẹ mí? Ó ti o. Ibi tí mo jókòó sí nìyẹn. Òun ni kó dìde."

"Ẹ gbọ́ o, Ọ̀gá," ni Ìyá Ìlera wí. Ó jáde pẹ̀lú aránṣọ, ó dúró síwájú tábìlì Wáyà. "Fi ibi tá a ti ń dínà mọ́ ìpolówó hàn mí."

Wáyà yọjú wo ẹnu ọ̀nà. "Àǹtí, ẹ má ki ọwọ́ mi bọ iná."

"Ọwọ́ tèmi ni màá fi tẹ̀ ẹ́. Ìwọ ṣáà fi hàn mí."

Oríṣiríṣi ìpolówó tò síbẹ̀: mọ́tò, ilé, tẹ́tẹ́, oúnjẹ ajá. Ó wá wọn títí ó fi kan ìpara ojú àti awọ, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ bi í bóyá ó dá a lójú. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó gbórí sókè, Ọ̀gá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Àwọn olùdarí máa ṣèpàdé. Ìwọ lo máa lọ ṣàlàyé."

"Màá ṣàlàyé, sà."

"Wọ́n lè ní kó o máa lọ sílé."

"Ilé ò jìnnà, sà."

Kò gbójú kúrò lára Ọ̀gá bó ti ń sọ ọ́. Ọ̀gá wò ó sí i, ó wọlé padà, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Wáyà tún ojú ewé náà ṣí. Aránṣọ ṣì wà lápá òsì. Apá ọ̀tún ṣófo.

"Ìyẹn dáa," ni aránṣọ wí. "Ládùúgbò ńkọ́? Wọ́n ṣì rò pé wọ́n fi mí polówó."

"A ó kọ ọ́." Ìyá Ìlera ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó tẹ 'ìpara' ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ṣe ojú obìnrin náà àti bí ìpolówó ìpara náà ṣe gba orí ìkànnì tiwọn gan-an wọlé. "Àwòrán tó wà nílẹ̀ náà la máa lò."

"Rárá. Èyí tẹ́ ẹ yà lọ́jọ́ yẹn, mo dorí kodò bí ẹni tó jalè. Ẹ ya òmíì."

Aránṣọ tú ìborí rẹ̀, ó lọ dúró nídìí fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, ó kọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó bàjẹ́ jù sí oòrùn. Ìyá Ìlera gbé fóònù sókè, ó dúró lókèèrè díẹ̀.

"Ẹ sún mọ́ mi," ni aránṣọ wí. "Mo fẹ́ kí ẹni tó ń tà á wò mí lójú."