Ta Ló Jó Àgbọn Ganpati?

Láti ìgbà tí mo ti di ìyàwó ilé yẹn, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìyá ọkọ mi máa ń fi lé mi lọ́wọ́ nígbà ọdún Ganpati: kí n rin àgbọn. Bí mo bá ti rin ín tán, á gba abọ́ lọ́wọ́ mi, á sì fi ojú fi ọ̀nà àbájáde hàn mí. Aai ni gbogbo wa ń pè é, àtọmọ àtìyàwó. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ìgbà kan ṣoṣo tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan modak, oúnjẹ ọdún náà, ó ní èyí tí mo ṣe jọ ẹni tí wọ́n gbá létí.

Ìdí nìyẹn tó fi yà mí lẹ́nu lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nígbà tó pè mí lórí fóònù pé kí n ṣáájú ọmọ òun wá láti Mumbai, pé òun fẹ́ kí n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun nídìí iná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì ni, kò sí ohun tó dá mi dúró. Inú mi dùn jọjọ. Mo sọ fún Shridhar ọkọ mi pé ìyá rẹ̀ ti wá mọ iyì mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí n bá òun tù ú lójú, torí pé bí ọdún bá ti parí, òun fẹ́ ti ilé abúlé yẹn pa, kí Aai wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Aai nìkan ló ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí bàbá ti kú. Gbogbo ìgbà tí Shridhar bá sì ti dá ọ̀rọ̀ Mumbai sílẹ̀, èsì kan náà ló ń gbà: wọ́n lè gbé òkú òun lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òun ò ní rìn débẹ̀.

Modak ni oúnjẹ Ganpati, òrìṣà wa olórí erin. Ìyẹ̀fun ìrẹsì tí a fi omi gbígbóná pò la fi ń ṣe ara rẹ̀, àgbọn àti ṣúgà ìrèké pupa tí a jọ rò pọ̀ lórí iná la sì ń dì sí i nínú. A ó ká etí rẹ̀ sókè ṣónṣó, a ó tò ó sórí ewé ata ilẹ̀ pupa, a ó sì fi ooru omi sè é. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnu èèyàn kankan ò gbọ́dọ̀ kàn án kí òrìṣà tó jẹ tirẹ̀. O ò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò, o ò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ lá ìka. Bó bá ti bà jẹ́, iwájú àlejò ni àṣírí á ti tú. Ti Aai kì í bà jẹ́, imú ló fi ń se é. Á tẹ̀ síwájú ìkòkò, á fà á símú lẹ́ẹ̀kan, á ní ó kù díẹ̀, tàbí ó tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, òjò ń rọ̀, Shridhar wà ní yàrá iwájú, ó ń tún ibi tí Ganpati máa jókòó sí ṣe. Aai tan gáàsì, ó da àgbọn àti ṣúgà sínú ìkòkò, ó ní kí n jókòó ti òun. Kò pẹ́ tó fi bi mí pé òórùn kí ni mo gbọ́. Mo ní òórùn àgbọn tútù ni. Ó tún rò ó díẹ̀, ó tún bi mí. Mo ní ṣúgà ti ń yọ́, ó ti ń ta sánsán. Ó mi orí, ó rẹ iná sílẹ̀. Mo rò pé ó ń dán mi wò bí olùkọ́ ṣe ń ṣe ni, gbogbo èsì tí mo bá sì fún un ló ń gbà wọlé. Mo ní lọ́kàn mi pé òní ni wọ́n fi mí joyè nínú ilé yìí.

Shridhar ké sí mi pé kí n bá òun já koríko tútù tí a fi ń bọ Ganpati wá láti ẹ̀yìnkùlé. Mo mú agbòjò, mo lọ. Nígbà tí mo fi máa padà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, òórùn èéfín lù mí nímú. Aai jókòó síwájú ìkòkò, ó ń rò ó jẹ́jẹ́, ó ń kọrin sínú. Ṣúgà ìrèké yẹn ti dúdú tẹ́lẹ̀, ojú nìkan ò lè fi mọ̀ pé ó ti jó.

Mo ní, "Aai, ó ń jóná."

Ó ní, "Kí ló ń jóná?"

Mo pa iná. Mo wo ojú rẹ̀, ó wo tèmi, ó sì gbé ojú kúrò. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Kò dán mi wò rárá láti àárọ̀, imú mi ló ń yá lò. Ó dùn mí wọra. Mo ti rò pé èmi ni wọ́n fẹ́, àṣé imú mi ni.

Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Láti ìgbà tí ibà dá mi dúbúlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ òjò ni. Mi ò gbóòórùn nǹkan kan mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, gáàsì wà ní ṣíṣí, mi ò mọ̀, ará ẹ̀gbẹ́ ilé ló sáré wọlé wá pa á."

"Kò sì bà yín lẹ́rù?"

"Ọkọ ẹ ló ń bà mí lẹ́rù. Bó bá fi lè gbọ́, ó ti ti ilẹ̀kùn yìí pa nìyẹn. Má sọ fún un, Pramila, mo bẹ̀ ẹ́. Inú ilé yìí ni mo bí i sí, ọwọ́ mi níbí ni bàbá ẹ̀ kú sí. Kí ni mo fẹ́ lọ máa ṣe lórí ilé alájà mẹ́sàn-án yín?"

Mi ò gbọ́ kó bẹ èèyàn rí. Gbogbo ìbínú tí mo kó jọ láti ọjọ́ yìí wá ló domi. Àfi bí Shridhar ṣe pariwo láti yàrá iwájú pé kí ló ń jóná, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń bọ̀.

Mo ní èmi ni o, pé èmi ni mo gbàgbé àgbọn sórí iná.

Aai wò mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Mo rò pé gbólóhùn kan á tó láti fi bo àṣírí, àfi bó ṣe wọ̀ ọ́ lára. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọlé lòun ti mọ̀. Ó ní bí wọ́n bá ní kí n ṣọ́ omi, omi á jóná. Ó bú kan ìyá mi tó ti kú, tó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Shridhar ló bẹ̀ ẹ́ pé ó tó. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà ni Aai fi ìṣẹ́tí aṣọ bo ẹnu, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Ó bi mí wúyẹ́wúyẹ́ bóyá òun ti ṣe àṣejù. Mo ní ti ìyá mi yẹn pọ̀ díẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Òun ni ọwọ́, èmi ni imú. Mo ní ó kù díẹ̀, ó dúró. Mo ní ó tó, ó sọ ìkòkò kalẹ̀ láì jiyàn. Mi ò pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn rí, kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi.

Àwòrò dé, a bọ Ganpati, a gbé modak síwájú rẹ̀, lẹ́yìn náà la wá jókòó jẹun pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò. Shridhar ń jẹ, bọ́tà yíyọ́ ń ṣàn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó yó, ó yíjú sí ìyá rẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó ní òun ti pinnu láti ti ilé yìí pa tẹ́lẹ̀, àmọ́ òun ti jáwọ́ nínú ẹ̀. Ó ní ẹni tó ń se irú nǹkan báyìí, kí ni èèyàn fẹ́ mú un kúrò nídìí iná rẹ̀ fún? Aai ń jẹ tirẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé adùn lásán ló ń kan ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ara tù mí.

Shridhar bá kọjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ ni kó o jìnnà sídìí iná. Ẹ bá mi dúpẹ́ pé Aai wà ńlé o, ìyàwó mi ì bá fún Ganpati ní èédú jẹ."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in, mo sì tẹrí ba kí wọ́n má rí ojú mi.

Aai gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Òun kọ́ ló jó o. Èmi ni. Imú mi ti kú, Shridhar. Èyí tó ò ń lá lọ́wọ́ yẹn, Pramila ló mọ ìgbà tó jinná."

Kò fi mọ síbẹ̀, ó sọ ti gáàsì náà. Ojú Shridhar yí padà. Ó ní ó parí nìyẹn, bí a bá ti gbé ère Ganpati sómi láti fi parí ọdún, a jọ ń lọ sí Mumbai ni. Aai ò jiyàn. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì lórí itan. Mo ti fẹ́ kó bú ẹnì kan, kó pariwo, kò ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló sì bà mí nínú jẹ́ jù.

Mo ní, "Ẹ máa lọ ní tiyín, Bàbá Ketan. Èmi ń dúró ti Aai."

Ó bi mí pé títí di ìgbà wo. Mo ní títí Aai á fi lé mi. Mo ní Ketan ọmọ wa ti gbéyàwó, ìjọba ti fún mi níwèé ìsinmi, imú mi sì dá ṣáká. Ó wo ojú mi, ó wo ti ìyá rẹ̀, ó wá dà bí ọmọdé tí wọ́n gba ife lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ta ló wá máa dáná fún mi?"

Kí n tó lanu, Aai ti dáhùn. "Gáàsì wà ní Mumbai, imú tìẹ sì ń ṣiṣẹ́."

Àwòrò ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, modak fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun. Shridhar fẹ́ bínú, kò rí i ṣe.

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo ń kó abọ́, Aai wá dúró sẹ́yìn mi.

Ó ní, "Mo rí ojú ẹ láàárọ̀. Abúlé yìí kún fún imú, Pramila. Ìwọ ni mo pè."

Mo kó gbogbo ìkòkò, títí kan èyí tó jóná, mo sì lọ fọ̀ wọ́n láìsí ẹni tó rán mi.