Wáyà Abẹ́ Bọ́ọ̀sì Ajíbóyè

"Ẹ pa á ná, bọ̀dá. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn, mi ò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ."

Ajíbóyè pa bọ́ọ̀sì náà, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ kúrò lára kọ́kọ́rọ́. Láti Ìṣẹ́ ni ọkọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì náà ti ń wọ́ bọ̀ bí ìgbín. Gbogbo òkè tó kàn ló ń dá a lágara, ọlọ́kadà tó gbé àpò gbágùúdá mẹ́ta pàápàá yà á sílẹ̀. Kí wọ́n tó wọ Ìkẹ́rẹ́, iná ìkìlọ̀ ti yọ níwájú rẹ̀. Ìsọ̀ rewáyà àkọ́kọ́ tó rí lẹ́bàá títì ló yà sí. Obìnrin kan tó wọ ṣòkòtò iṣẹ́ ló jáde sí i, Bísọ́lá lorúkọ rẹ̀.

Grace, ìyàwó Ajíbóyè, jókòó níwájú ọkọ̀, ó fi orí ti wíńdò. Tíṣà ni ní Ìṣẹ́, kí kíndìnrín rẹ̀ tó dáṣẹ́ sílẹ̀. Òní ni wọ́n máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù kan ní Adó. Bí ó bá pàdánù àyè rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ẹlòmíràn ni wọn yóò gbé sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú.

"Sẹ́ńsọ̀ sailẹ́ńsà ni," Ajíbóyè ní. "Mẹkáníìkì wa ti fi tuntun sí i, kò yí padà. Ṣáà bá mi já a dànù, àbúrò, kí n máa lọ."

"Bí mo bá já a, kò ní fà. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yìí fẹ́ mọ bí sailẹ́ńsà ṣe gbóná tó. Tó bá rò pé ó ti fẹ́ jóná, á fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn. Ohun tó ń ṣe yín nìyẹn. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ má stáàtì."

Bísọ́lá so ẹ̀rọ àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ó wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ó ní sailẹ́ńsà yín ti pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí ìtòsí páìpù náà. Ó gbóná, àmọ́ kò pọ́n. Ó yọ ẹnu wáyà kúrò lára sẹ́ńsọ̀. Iye tó wà lójú ẹ̀rọ kò mira. Ó wá mú wáyà pélébé kan, ó fi so ihò méjèèjì ẹnu wáyà náà pọ̀.

"Bí ọ̀nà bá là dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, ó yẹ kí iye yìí já wálẹ̀ wìì."

Kò já.

"Sẹ́ńsọ̀ yín ò mọwọ́mẹsẹ̀. Wáyà ló já níbì kan."

"Níbo?"

"Ohun tí mo fẹ́ wá nìyẹn."

Ara Ajíbóyè kò balẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó bọ̀ wá síwájú, ó ta táyà nípàá, ó tẹ ọsibítù láago, wọn ò gbé e. Bísọ́lá tú ẹnu wáyà ńlá tó wà nítòsí kọ̀ǹpútà, ó fi mítà wo àwọn wáyà inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mi orí. "Ibí ni mo fọkàn sí. Kì í ṣe ibí."

"O ti fi àkókò wa ṣòfò!" Èdè ìlú Ajíbóyè bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Ulé kọ́ ni mò ń lọ, ọsibítù ni!"

"Bàbá Dára," Grace pè é láti inú ọkọ̀, "ẹ wá jókòó tì mí."

"Mò ń bọ̀."

Kò lọ. Bísọ́lá ká wáyà mítà rẹ̀ jọ. Ó ní, "Bọ̀dá, kí ni wọ́n ṣe sí abẹ́ ọkọ̀ yìí gbẹ̀yìn?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Wẹ́dà ọjọ́sí ńkọ́?" Grace ní.

Ajíbóyè dúró. Lóòótọ́ ni. Kòkó ló kó láti Imesi-Lasigidi, kòtò kan já sailẹ́ńsà rẹ̀, wẹ́dà kan ní Àgbàdo sì jó o pọ̀ fún un. Orí ìdúró ló wà tó ń kígbe mọ́ ọkùnrin náà pé kó ṣe kíá. Bísọ́lá tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

"Mo ti rí i!"

Ẹ̀gbẹ́ ojú àjópọ̀ náà gan-an ni. Lókè, wáyà náà dà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é, ṣùgbọ́n nígbà tó bó téèpù ara rẹ̀, ọ̀kan nínú méjèèjì ti jẹ tán, ó dà bí eérú.

"Màá gé ibi tó jóná, màá fi wáyà tí iná kì í tètè jó so ó, màá sì gbé e jìnnà sí páìpù. Ẹ má kán mi lójú o."

Kò sí ohun tó kù fún ọwọ́ Ajíbóyè láti ṣe. Ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀.

Grace ní, "Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ yẹn máa ń mí bí èèyàn. Tí wọ́n bá ti so mí mọ́ ọn, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń wò. Gbogbo àwọn yòókù ló ní ẹni tó tẹ̀lé wọn wọlé."

Ajíbóyè ò lè wò ó lójú. Gbogbo ìgbà tó bá gbé e dé ọsibítù, bọ́ọ̀sì ló máa ń fọ̀, táyà ló máa ń fẹ́, títí wọ́n á fi ṣe tán. Kò tíì dé inú yàrá yẹn rí.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Èmi náà, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́!" Bísọ́lá pè láti ìsàlẹ̀. Iye ojú ẹ̀rọ àyẹ̀wò já wálẹ̀, ó dúró síbi tó yẹ páìpù tó ń tutù. Bísọ́lá jáde, ó pa ẹ̀sùn tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́. "Ẹ stáàtì. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́."

Ọkọ̀ náà fà. Wọ́n gun òkè tó jáde ní Ìkẹ́rẹ́ bí ẹni tí wọ́n tì lẹ́yìn.

Ní Adó, nọ́ọ̀sì kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Tíṣà, díẹ̀ ló kù kí á gbé àyè yín fún ẹlòmíràn. Ẹ tètè máa bọ̀." Ó wo ọkùnrin tó di Grace lápá mú. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ṣé ẹ máa dúró síta ni?"

"Rárá," Ajíbóyè ní. "Níbo ni kí n jókòó sí?"