Yà Mí, Má Ya Mí

Àwòrán náà ti di méjì lọ́wọ́ Eléèédú kí omijé tó dé ojú rẹ̀. Ó kó abala méjèèjì pọ̀, ó tún fà wọ́n ya sí mẹ́rin, ó jẹ́ kí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù nínú yàrá ìyàwòrán, tí wọ́n sọ ọ́ ní Eléèédú torí èédú tó fi ń yàwòrán, wò ó, wọ́n sì yára gbójú padà sórí iṣẹ́ tiwọn.

Ìyá rẹ̀ ló pè é lórí fóònù láàárọ̀. "Bùọ̀dá ẹ ní kó o ya àwòrán òun lónìí o. Má gbàgbé." Ìyá ń sáré lọ síbi iṣẹ́, ó ti pa fóònù. Eléèédú ò sì pè é padà, torí ó ti ń retí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wo àwòrán ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti ọrùn rẹ̀ tó ti gbẹ, àti kókó tó yọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Olùkọ́ yìn ín títí. Ẹ̀gbọ́n wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Ta ló fẹ́ kí wọ́n gbé àìsàn òun kọ́ sára ògiri?

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n yìí, olórin sì ni. Àrùn jẹjẹrẹ ló wọ ọ̀fun rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn dókítà máa gé gògóńgò rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ti sọ ọ́ fún un láìfepobọyọ̀ pé ẹ̀mí lè kù, ohùn ò ní kù. Orin tó máa kọ lálẹ́ òní ni ìkẹyìn.

Lọ́sàn-án, òun fúnra rẹ̀ yọjú sẹ́nu ọ̀nà, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Eléèédú, àwòrán mi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá dà? Mo fẹ́ tún wò ó." Ohùn rẹ̀ ti há.

Eléèédú nawọ́ sí àwọn abala tó wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀, ó mú abala kan. Etí òun alára ló wà níbẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n ya á. Màámi ló jíṣẹ́ fún mi."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. "Háà! Yà mí ni mo wí, mi ò ní kó o ya mí!"

Bí wọ́n bá ní kí o ya àwòrán, etí wo ló lè mọ̀ bóyá yíyà ni tàbí yíya? Ẹyin lohùn. Ti Ìyá ti bọ́, ó ti fọ́, ẹ̀pa ò sì bóró mọ́. Eléèédú kúnlẹ̀, ojú ń tì í.

"Dìde, jàre," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Èyí tó o yà yẹn jọ mí ju èmi gan-an lọ. Ẹnu mi tó padé nínú ẹ̀ nìkan ni mi ò fẹ́. Mo fẹ́ kó o yà mí níbi tí mo ti ń kọrin."

"Bùọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká gba ohùn yín sílẹ̀ náà."

"Ohùn játijàti yìí? Rárá o. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lálẹ́ yìí ló máa gbọ́."

Nígbà tó di alẹ́, yàrá ẹ̀yìn ilé ìtàwé kan ni àwọn èèyàn pé sí, àga ò ju mẹ́tàlélógún lọ. Obìnrin tó ni ilé ìtàwé náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gba fóònù gbogbo èèyàn sínú apẹ̀rẹ̀. Eléèédú jókòó níwájú pátápátá, pákó ìyàwòrán lórí itan, èédú lọ́wọ́. Ó ti búra pé òun ò ní ba tèyí jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n gbé gítà, ó bẹ̀rẹ̀. Eléèédú náà bẹ̀rẹ̀. Ó ba ìwé mẹ́ta jẹ́. Lórí ìkẹrin ni àgbọ̀n náà tó jókòó dáadáa, ó wá mú ètè, ó mú eyín òkè níbi tí iná ti kàn án, ó mú iṣan ọrùn bó ṣe ń dìde tó ń wọlẹ̀. Obìnrin kan ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mi àga. Inú bí Eléèédú, ó sún síwájú díẹ̀. Ahọ́n ló kù. Ó ti rí i mú nígbà tí àtẹ́wọ́ sọ.

Kò ya àwòrán tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wá bá a, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nìkan ló kù tó lè sọ. "Orin tí mo fi parí, ìwọ ni mo ṣe é fún. Oṣù mẹ́ta ni mo fi tò ó. Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ nípa ẹ?"

Eléèédú wá orin náà nínú iyè rẹ̀. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ìró bí èédú ṣe ń ha ìwé.

"Mo gbọ́, bùọ̀dá mi," ló wí. "Ẹ ṣeun."

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí Eléèédú ò lè wo ojú rẹ̀. Àwọn èèyàn wá dì mọ́ ọn, wọ́n sì fà á lọ.

Ó ku òun àti àwòrán. Ẹnu náà là gbàgà, ahọ́n sì gbé sókè, ó kan ẹ̀yìn eyín, bíi ti ẹni tó fẹ́ pe ọ̀rọ̀ kan. Eléèédú la ẹnu tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó fi ahọ́n síbẹ̀ gan-an, ó dúró, bóyá òun á mọ ọ̀rọ̀ wo ni. Ọ̀rọ̀ tó lè jẹ́ pọ̀ jù.